Ọsibítù wà nítòsí wa, ìtọ́jú ò dé ọ̀dọ̀ wa: kí la máa ṣe kí àrùn míì tó dé?

Ìbéèrè: "Ẹ káàsán mà. Ìwàyá ni wọ́n bí mi sí, lápá ibi tó kángun sí omi, ibẹ̀ la ṣì wà dòní. Lọ́dún 2020 ìyá bàbá mi ṣàìsàn fún ọjọ́ mẹ́fà péré, wọ́n ń wúkọ́, wọn ò lè mí dáadáa, wọ́n kú sílé. Ẹja ni wọ́n ń yan látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Kò sẹ́ni tó ṣe tẹ́ẹ̀sì fún wọn. Ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú kòrónà ní Yaba ò sì jìnnà sí wa rárá. Ó ṣì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Kí ló dé tí ìtọ́jú ò dé ọ̀dọ̀ wa, tí òmíì bá sì tún wá, kí la lè ṣe?"

Ìdáhùn:

Ọmọ mi, o kú ọ̀fọ̀ ìyá àgbà, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ díẹ̀, àmọ́ ọ̀fọ̀ tí èèyàn ò rí ìdí ẹ̀ kì í tán nínú bọ̀rọ̀. Mo ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ìgboro, àárín Yaba sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù, mo ti wọkọ̀ ojú omi wọ Mákòkó láìmọye ìgbà tí kúlà abẹ́rẹ́ wà lórí itan mi, torí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ fi dá ẹ lóhùn.

Ohun tó o sọ nípa Yaba yẹn gan-an ló gbé ọ̀rọ̀ dání. Tó bá jẹ́ pé ìtòsí loògùn ni, ẹ̀yin ará Ìwàyá àti Mákòkó lẹ ò bá kọ́kọ́ rí ìtọ́jú ní gbogbo Nàìjíríà. Ní 27 February 2020 tí tẹ́ẹ̀sì jẹ́rìí sí ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà nílẹ̀ yìí, ọkùnrin ará Ítálì kan, Yaba yẹn náà ni wọ́n ti tọ́jú ẹ̀. NIMR tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ wò, Yaba ló wà. UNILAG tó kún fún àwọn ọ̀mọ̀wé, kò jìnnà sí yín rárá. Gbogbo ẹ̀ yí yín ká, ìyá àgbà sì kú sórí ẹní.

Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ibi tí ìlera ò dé, abúlé inú igbó ló máa ń wá sọ́kàn àwọn èèyàn, òótọ́ sì ni, àwọn èèyàn wa ní erékùṣù apá Badagry àti ẹ̀yìn Ẹ̀pẹ́ ń jìyà ọ̀nà gidi, aboyún á wọkọ̀ ojú omi, á tún wá ọkadà kó tó fojú kan nọ́ọ̀sì. Àmọ́ láàárín Èkó níbí, ọ̀nà kọ́ ló jìn. Owó ọkọ̀ ló jìn, ọjọ́ kan ṣoṣo tí èèyàn ò ní tajà ló jìn, èdè tí nọ́ọ̀sì ń sọ ló jìn, ẹ̀rù ẹni tó bá wọ aṣọ ìjọba ló wá jìn ju gbogbo ẹ̀ lọ.

Rántí lọ́kìdáànù. Aago mọ́kànlá alẹ́ 30 March 2020 ló bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì ni, ó di ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí wọ́n tó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ní 4 May. Ẹ jókòó sílé, ẹ jìnnà síra yín, ẹ máa fọwọ́, èmi fúnra mi gbé mẹ́gáfóònù tí mò ń kéde ẹ̀ kiri àdúgbò. Ìmọ̀ràn yẹn dáa fún ẹni tó ní yàrá márùn-ún, tó ní ẹ̀rọ omi nínú ilé, tí owó oṣù ẹ̀ ń wọlé yálà ó jáde tàbí kò jáde. Nínú fésìmíàfésìyú tí èèyàn méje ń sùn nínú yàrá kan, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan wà fún yàrá mẹ́wàá, ta ló máa jìnnà sí ta? Owó tí wọ́n pa lánàá ni wọ́n fi ń jẹun lónìí, tí kò bá ti sí tàná, tòní ti dojú rú nìyẹn. Palliative tí wọ́n ń pariwo, ohun tó dé ọwọ́ àwọn tí mò ń bẹ̀ wò ò tó nǹkan, ìgbà tó wá di October táwọn èèyàn já ilé ẹrù ní Mazamaza la rí bí oúnjẹ ṣe tò sílẹ̀ gègèrè.

Jẹ́ n sọ ọ̀kan tí mi ò lè gbàgbé. Nínú April ọdún yẹn mo jókòó ti obìnrin kan ní Mákòkó, lórí pátákó iwájú ilé ẹ̀, mò ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ọṣẹ fọwọ́ fún ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ó gbọ́ mi tán, kò jiyàn, ó kàn nawọ́ sí kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, gbogbo omi tí mo rà lónìí nìyẹn." Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, èèyàn mẹ́sàn-án ló wà nílé. A jọ ṣírò ẹ̀ ni: lítà 100 láàárín èèyàn mẹ́sàn-án, lítà 11 àti díẹ̀ ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, inú ẹ̀ ni wọ́n ti máa mu, inú ẹ̀ ni wọ́n ti máa dáná, kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n fọṣọ ọmọ. Àjọ WHO ní lítà 50 sí 100 ló yẹ kéèyàn kan ní lójúmọ́. Ọ̀sà sì rèé lábẹ́ ilé wọn tó ń jà pọ́gbà-pọ́gbà mọ́ òpó, omi tí wọn ò lè fi kan ẹnu. Mo ká páálí àwòrán ìfọwọ́ tí mo gbé dání padà sínú báàgì mi. Ọjọ́ kejì mo mú ike lítà márùn-ún lọ, a ki ìṣó gbígbóná bọ̀ ọ́ nídìí láti lu ihò tín-ín-rín, a so ọṣẹ mọ́ ọn nínú ìbọ̀sẹ̀ àlòkù, omi tó ń jáde níbẹ̀ ò ju okùn lọ, ìwọ̀nba ife kékeré kan sì tó ẹni méjì fọwọ́. Ìyẹn ni wọ́n lò. Àwọn ilé mẹ́ta tó tẹ̀ lé wọn náà ṣe tiwọn kọ́jọ́ tó pofírí.

Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, òkè lọ́hùn-ún ni ìrẹ́jẹ ti bẹ̀rẹ̀. 2 March 2021 ni abẹ́rẹ́ AstraZeneca àkọ́kọ́ balẹ̀ sí Àbújá láti ọwọ́ COVAX, ètò àgbáyé tó ń pín abẹ́rẹ́ kòrónà fún àwọn orílẹ̀-èdè, kò pé mílíọ̀nù mẹ́rin dóòsì, fún orílẹ̀-èdè tó ju igba mílíọ̀nù èèyàn lọ, tí ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ gba méjì. Àwọn orílẹ̀-èdè olówó ti sanwó èyí tó pọ̀ sílẹ̀ kó tó jáde rárá. Nígbà tó yá wọ́n ń fi ránṣẹ́, àmọ́ ọjọ́ ẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ pé, ní December 2021 wọ́n da dóòsì 1,066,214 nù ní Àbújá torí pé ó ti kọjá ọjọ́ ẹ̀. Ó dùn mí wọra, torí mo mọ orúkọ àwọn àgbà tó yẹ kó gbà á. Nílé níbí náà, wọ́n ní kéèyàn lọ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó wá. Ìyá tó jẹ́ pé fóònù olótọ́ọ̀ṣì ló ń lò, tí kò mọ ìwé kà, orí íntánẹ́ẹ̀tì wo? Ìgbà táwọn ọ̀dọ́ méjì kan ní àdúgbò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pẹ̀lú fóònù tiwọn, tí wọ́n ń fi dátà ara wọn kọ orúkọ àwọn àgbà, lèrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá.

Ọ̀pọ̀ ará Mákòkó ló tún jẹ́ Ẹ̀gùn, àwọn míì tọ Badagry wá, àwọn míì ní ẹbí ní orílẹ̀-èdè Benin, ìwé tá à ń pín sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá. Mo rò pé mò ń kọ́ wọn, wọ́n kàn ń mi orí fún mi torí ọ̀wọ̀ ni. Obìnrin ẹlẹ́ja kan tó gbọ́ èdè méjèèjì ló là mí lójú, látìgbà tó ti ń bá mi túmọ̀ ni wọ́n ti ń bi mí ní ìbéèrè.

Ẹ̀rù ìjọba wá ńkọ́? Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ táwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè é ní àìmọ̀kan. Lọ́dún 1924 àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó, ọdún mélòó kan ló fi ń pa àwọn èèyàn lórí erékùṣù. Ìjọba òyìnbó dá LEDB, àjọ tó ń tún ìlú Èkó tò, sílẹ̀ ní 1928, wíwó ni wọ́n fi dáhùn, wọ́n ń wó àwọn ilé tí wọ́n ní ó dọ̀tí tó sì fún pọ̀, ara ibi tí Yaba tá à ń sọ yìí ti gbòòrò nìyẹn, wọ́n ń pín ilẹ̀ níbẹ̀. Ní 1955 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín Èkó, àwọn kan bá ara wọn ní Sùúrùlérè. Ní July 2012, wákàtí 72 ni wọ́n fún àwọn ará Mákòkó kan láti kó kúrò lórí omi kí wọ́n tó wá gé ilé wọn lulẹ̀. O wá fẹ́ kí n dé ẹnu ọ̀nà ẹni yẹn pẹ̀lú ìwé àti bírò, kí n ní "èèyàn mélòó ló ń gbé níbí", kó sì dá mi lóhùn? Bàbá kan sọ fún mi lójú mi pé òun rò pé ilé tí wọ́n máa wó là ń kà. Ẹni tó ti rí irú ẹ̀ rí ò jẹ̀bi tó bá fi aláìsàn ẹ̀ pamọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n gbà pé ó ṣeé ṣe kí ìtọ́jú dé ọ̀dọ̀ yín ni Ebola. 20 July 2014 ni ọkùnrin tó gbé e wá láti Làìbéríà balẹ̀ sí Èkó. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh ló fura sí i, tí kò jẹ́ kó kúrò ní ọsibítù, ẹ̀mí òun fúnra ẹ̀ ló fi lélẹ̀, ó kú ní 19 August. Nígbà tó fi di 20 October WHO kéde pé a ti bọ́, èèyàn 20 péré ló mú, 8 ló kú. Nínú Èkó o, tó kún báyìí. Ẹsẹ̀ ló ṣe é. Wọ́n wá èèyàn 894 tí wọ́n ti fara kan àwọn tó ní in, ní Èkó àti Port Harcourt, wọ́n sì lọ bẹ̀ wọ́n wò lójúkojú ní bíi ìgbà 18,500. Ètò tí wọ́n ti tò sílẹ̀ fún pólíò ni wọ́n yí padà lò, wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá àwọn tó máa rìn. Ìgbà tí kòrónà dé, iye ẹni tó mú ti yára ju iye ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ lọ, ibi tí kò bá sì ti ní ẹsẹ̀ tiẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣókùnkùn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹ pé nísinsìnyí tí kò sí nǹkan kan ni iṣẹ́ yẹn wà.

Ra ìwé nótù kan. Mú òpópónà tìrẹ nìkan, má mú gbogbo Ìwàyá, á sú ẹ. Kọ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan: ta ló ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ta ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ta ló ní ìtọ̀ ṣúgà, ta ló ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, ta ló lóyún, ta ló ń dá gbé, nọ́ńbà fóònù ta lèèyàn lè pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru. Má gbé e fún ẹnikẹ́ni, má yà á ní fọ́tò síbì kankan, àṣírí èèyàn ló wà níbẹ̀. Ìwọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ni wọ́n máa dá lóhùn, wọn ò ní rò pé o wá wólé. Tí àrùn bá dé lọ́la, àwa nọ́ọ̀sì á pàdánù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká tó mọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn. Mo ní irú ẹ̀ kan tí ìyá arúgbó alágbẹ̀bí kan ní Òkò Bàbá ń tọ́jú fún mi, ó ti fi jẹ́ ká rí aboyún mẹ́ta tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti ga láìmọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ṣe pàtàkì ju bó o ṣe rò lọ. Àrùn tuntun máa ń bá àrùn àtijọ́ nílé ni, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ga tàbí tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí kò mọ̀, òun ni kòrónà gbé ṣánlẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò fún àwọn àgbà ní sẹ́ńtà, tàbí ní kẹ́mísì tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ̀rọ ẹ̀ dáa.

Lẹ́yìn ìyẹn, lọ sí sẹ́ńtà ìlera tó sún mọ́ yín, bi wọ́n ní ọjọ́ tí kọ́mítì ìlera wọ́ọ̀dù ń jókòó. Ó yẹ kí ó wà, ó sì yẹ kí ará àdúgbò wà nínú ẹ̀, kì í ṣe àwọn òṣìṣẹ́ nìkan. Má dá lọ, mú ìyá ẹlẹ́ja kan àti ẹni tó gbọ́ Ẹ̀gùn dání, kí baálẹ̀ mọ̀ sí i. Ohun tí ẹ máa béèrè kò ní pọ̀: ọjọ́ kan lóṣù kí wọ́n máa gbé abẹ́rẹ́ ọmọdé àti ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ wá sí etí omi, lẹ́yìn ọjà, kí ẹlẹ́ja má pàdánù owó ọjọ́ kan. Tí wọ́n bá ti ń wá nígbà àlàáfíà, ojú wọn ò ní ṣàjèjì nígbà àrùn. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nínú lẹ́tà yìí kò ju ìyẹn lọ.

Bi wọ́n nípa Ìlera Èkó náà, ètò adójútòfò ìlera ìjọba ìpínlẹ̀, kí wọ́n sọ iye tó jẹ́ báyìí àti bóyá ètò wà fún ẹni tí kò lówó. Òfin ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ará wa ló ṣì ń san owó lọ́wọ́ kí wọ́n tó fojú kan dókítà. Ẹgbẹ́ ọjà tàbí àjọ lè máa dá a díẹ̀díẹ̀ bí èsúsú. Mo ti rí i níbi táwọn aláṣọ ti ṣe é.

Ohun tó kẹ́yìn tí mo fẹ́ kí ẹ dáwó rà ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń ki ìka bọ̀ láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ní January 2021 tí ìgbì kejì dé, ọsibítù Yaba yẹn kúrò lórí sílíńdà oxygen 70 lójúmọ́ bọ́ sórí 350, gómìnà ló sọ ọ́. Ẹni tó dé kíá ló ń yè. Tí nọ́ńbà bá ti wà nísàlẹ̀ 94, ẹ gbéra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: àwọn onímọ̀ rí i ní Amẹ́ríkà ní 2020 pé ẹ̀rọ yìí lè máa sọ ohun tó ga ju òótọ́ lọ lára aláwọ̀ dúdú. Torí náà tí ẹ̀rọ bá ní 95, tí aláìsàn ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, tí kò lè sọ gbólóhùn kan tán láìmí, tí ètè ẹ̀ ń dúdú tàbí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń dàrú, aláìsàn ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́, ẹ má gba ẹ̀rọ gbọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, 767 àti 112, sára ògiri, àti 6232 ti NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn, tí kì í gba owó. Ẹ sì ti bá ọlọ́kọ̀ ojú omi kan àti ọlọ́kẹ̀kẹ́ kan sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá pè lóru, wọ́n ń bọ̀, owó á wà.

Ní ti ìyá àgbà. Láìsí tẹ́ẹ̀sì, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kòrónà ni. Èéfín ẹja tí wọ́n ti ń fà símú fún ìgbà pípẹ́ ti lè mú kí ẹ̀dọ̀fóró wọn má lágbára mọ́, ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ń ṣe báyẹn, òtútù àyà náà ń ṣe báyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n nílò oxygen, oxygen wà ní Yaba, kò sì sẹ́ni tó dúró láàárín àwọn méjèèjì. Ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi ẹ̀. Ọdún mélòó lo wà nígbà yẹn? Àṣẹ ni pé kẹ́nikẹ́ni má jáde, ọlọ́pàá wà lójú ọ̀nà, ìròyìn tó ń lọ káàkiri ni pé ẹni tó bá wọ Yaba ò ní jáde mọ́. Ẹbí ẹ tọ́jú wọn bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n ṣe.

Ikọ́ yẹn o, tí ẹlòmíì nínú ilé bá ń wúkọ́ tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọ̀fẹ́ ni tẹ́ẹ̀sì àti oògùn oṣù mẹ́fà ẹ̀ ní sẹ́ńtà ìjọba.

Tó o bá dé sẹ́ńtà tí wọ́n ní kò sí kọ́mítì, kọ̀wé sí mi padà, kí o kọ orúkọ wọ́ọ̀dù yín àti ọjọ́ tó o lọ síbẹ̀. Mo mọ ọ́fíìsì tá a máa gbé e lọ, màá sì tẹ̀ lé ẹ lọ.